Ibn al-Baytar: Àgbà Onímọ̀ Ewé Ilẹ̀ Andalus

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó hu oríṣiríṣi ewé jáde láti inú ilẹ̀, tí ó sì fi àǹfààní sí inú wọn fún ẹ̀dá. Ìkẹ́ àti ọlà kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀ pátá. Lẹ́yìn èyí:

Ẹni tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún yín lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe Imam mazhab, kì í sì í ṣe ọba tàbí jagunjagun. Oníṣẹ́ ewé ni. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ewé tí ó ṣe, ó ṣe é bí àwọn onímọ̀ Hadith ti ń ṣe iṣẹ́ tiwọn, ìdí nìyí tí orúkọ rẹ̀ kò fi parẹ́ láti nǹkan bí 800 ọdún sẹ́yìn.

Ohun tí ó mú wa yan ọkùnrin yìí ni ọ̀rọ̀ kan tí ó ṣojú wa. Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa fi ọkọ́ ṣá ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń roko. Àgbàlagbà méjì sáré dé. Ọ̀kan ní kí a já ewé Akíntọ́lá wá, kí a fún omi rẹ̀ sí ojú egbò náà. Èkejì ní rárá o, ewé Awólọ́wọ̀ ni ó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró. Wọ́n ń jiyàn, ẹ̀jẹ̀ ọmọ ń ṣàn. Nígbà tí oníkálùkù já ewé tirẹ̀ dé, ewé kan náà ni àwọn méjèèjì mú lọ́wọ́! Orúkọ nìkan ni ó yàtọ̀. Nígbà tí ó yá, egbò náà kẹ̀. A gbé ọmọ lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà, wọ́n fún un ní oògùn kìíní, kò ràn án. Wọ́n fún un ní èkejì, kò ràn án. Dókítà ní àwọn kòkòrò tí ó wà nínú egbò náà ti mọ oògùn lójú. Ẹ̀kẹta ni Ọlọ́hun fi ṣe sababi ìwòsàn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni ọmọ náà fi wà nílé, ìdánwò sì ré e kọjá.

Láti ọjọ́ náà ni ìbéèrè méjì ti wà lọ́kàn wa. Èkíní: báwo ni a ó ṣe mọ ewé dájú, tí orúkọ kò fi níí ṣì wá lọ́nà? Èkejì: kí ni a ó ṣe nígbà tí oògùn tí a gbẹ́kẹ̀lé kò bá ran kòkòrò àrùn mọ́? Ìbéèrè kìíní ni Ibn al-Baytar fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ dáhùn. Èkejì sì wà lọ́wọ́ àwọn onímọ̀ òde òní, àwọn kan nínú wọn sì ti padà sí ìdí ewé.

ORÚKỌ RẸ̀ ÀTI ÌBÍ RẸ̀

Orúkọ rẹ̀ ni Abdullah ọmọ Ahmad. Àlàkúnyà rẹ̀ ni Abu Muhammad, wọ́n sì tún ń pè é ní Diya al-Din, èyí tí ó túmọ̀ sí ìmọ́lẹ̀ ẹ̀sìn. Al-Malaqi ni wọ́n máa ń fi kún orúkọ rẹ̀, nítorí pé agbègbè ìlú Malaga ni wọ́n gbé bí i, ní etí òkun Andalus, ilẹ̀ tí a ń pè ní Sípéènì lónìí. Nǹkan bí ọdún 1197 ni ìbí rẹ̀. Orúkọ tí gbogbo ayé wá mọ̀ ọ́n sí ni Ibn al-Baytar. Ẹ̀yin ọmọ ilé kéú mọ̀ pé al-baytar ni ẹni tí ń tọ́jú ẹṣin àti ẹran ọ̀sìn tí ara wọn kò dá. Ọmọ oníṣègùn ẹran ni ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ nígbà náà.

ÀWỌN OLÙKỌ́ RẸ̀

Ìlú Ishbiliya, tí àwọn ará Sípéènì ń pè ní Seville, ni ó ti kọ́ ìmọ̀ ewé. Ẹni tí ó lókìkí jù nínú àwọn olùkọ́ rẹ̀ ni Abu al-Abbas al-Nabati, tí wọ́n tún ń pè ní Ibn al-Rumiyya. Kí ẹ fi ọkàn bá wa lọ níbí yìí. Olùkọ́ yìí kì í ṣe onímọ̀ ewé nìkan, onímọ̀ Hadith ni pẹ̀lú. Ó rìnrìn àjò lọ sí ìlà-oòrùn, ó ṣe Haji, ó ń gbọ́ Hadith lẹ́nu àwọn àgbà, bẹ́ẹ̀ náà ni ó ń wo ewé ilẹ̀ tí ó bá dé.

Ẹni tí ó bá ti jókòó kọ́ Hadith mọ̀ pé a kì í gba ọ̀rọ̀ lásán. A ó bi ọ́ pé ta ni o ti gbọ́ ọ, ta ni òun náà ti gbọ́ ọ, ṣé olóòótọ́ ni, ṣé kì í gbàgbé? Ohun tí a ń pè ní sanad nìyẹn. Ìwà yìí ni Ibn al-Baytar gbé wọ inú ìmọ̀ ewé. Òun àti olùkọ́ rẹ̀ jọ máa ń jáde lọ sí igbó àti òkè tí ó wà ní àyíká Ishbiliya, wọ́n ń ká ewé, wọ́n ń wo gbòǹgbò rẹ̀, òdòdó rẹ̀ àti èso rẹ̀. Wọn kì í dúró lórí ohun tí ìwé sọ nìkan.

ÌRÌN ÀJÒ RẸ̀

Ní nǹkan bí ọdún 1220, ìyẹn ọdún 617 Hijira, ó dágbére fún Andalus. Kò sì tún fi ibẹ̀ ṣe ibùgbé mọ́ títí ó fi kú. Ó gba etí òkun àríwá Áfíríkà kọjá: Bijaya àti Qusantina ní ilẹ̀ tí a mọ̀ sí Àlùjéríà lónìí, Túnísì, Tarabulus àti Barqa ní ilẹ̀ Líbíà. Ó dé ilẹ̀ Tọ́kì, ó sì dé ilẹ̀ Ṣáámù. Ibi gbogbo tí ó bá dé, àwọn onílẹ̀ ni ó máa ń bi léèrè: kí ni ẹ ń pe ewé yìí, kí ni ẹ fi ń wò? Ó ń béèrè lọ́wọ́ darandaran, ó ń béèrè lọ́wọ́ àgbẹ̀, ojú kò sì tì í.

A fẹ́ mẹ́nu ba ohun kan tí ó gbọ́ ní agbègbè Bijaya. Ẹ̀yà Baribari kan wà níbẹ̀ tí ó ní oògùn fún àrùn tí ń sọ awọ ara di funfun ní abala-abala, èyí tí Lárúbáwá ń pè ní baras. Wọ́n fi oògùn náà pamọ́, bàbá ń fi lé ọmọ lọ́wọ́, wọn kì í jẹ́ kí àlejò mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ó yá, àṣírí náà tú. Ewéko kan tí orúkọ rẹ̀ ní èdè Baribari ń jẹ́ atrilal ni, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ẹsẹ̀ ẹyẹ. Hóró rẹ̀ ni wọ́n ń lọ̀, wọn a pò ó mọ́ oyin, aláìsàn a lá a, lẹ́yìn náà yóò jókòó sínú oòrùn pẹ̀lú ibi tí ó funfun náà ní ìhòòhò títí yóò fi làágùn. Ibn al-Baytar kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ sínú ìwé rẹ̀, ní abẹ́ harafi alif, ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé náà gan-an.

Ẹ wo ohun tí ó wá ṣẹlẹ̀ ní nǹkan bí 700 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ní ọdún 1947, àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì ní Mísírà yọ èròjà tí ó ń ṣiṣẹ́ nínú hóró náà jáde ní mímọ́. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, dókítà kan ní Káírò bẹ̀rẹ̀ sí fi tọ́jú àwọn tí awọ ara wọn ń funfun. Ní ọdún 1974, àwọn dókítà ilẹ̀ Amẹ́ríkà so èròjà náà pọ̀ mọ́ iná àkànṣe tí ó dà bí oòrùn, wọ́n sì fi ń wo àrùn awọ ara tí ó le. Oògùn àti oòrùn, gẹ́gẹ́ bí àwọn Baribari ti ń ṣe é! Bí ẹ̀yà náà bá ti mú àṣírí wọn wọ sàréè, tí ẹnikẹ́ni kò sì kọ ọ́ sílẹ̀, ibo ni a ó ti rí i?

NÍ Ọ̀DỌ̀ SULTAN

Ibn al-Baytar dé Káírò ní àkókò Sultan al-Kamil, ẹni tí ó jẹ́ ọmọ àbúrò Salahuddin al-Ayyubi, tí ó jọba láti ọdún 1218 sí 1238. Sultan rí ìmọ̀ rẹ̀, ó fi í ṣe olórí gbogbo àwọn oníṣẹ́ ewé ní ilẹ̀ Mísírà. Kì í ṣe oyè ẹnu lásán. Ẹni tí ó bá ń ta ewé fún aláìsàn gbọ́dọ̀ mọ ewé, nítorí pé àṣìmú kan tó láti pa ènìyàn. Nígbà tí àṣẹ al-Kamil dé Dimashq, tí a tún ń pè ní Damásíkù, Ibn al-Baytar bá a dé ibẹ̀. Lẹ́yìn ikú Sultan yìí, ó ṣiṣẹ́ fún ọmọ rẹ̀, al-Salih Ayyub.

Ní Dimashq, ní ọdún 633 Hijira, ọ̀dọ́mọdé oníṣègùn kan pàdé rẹ̀, orúkọ rẹ̀ ni Ibn Abi Usaybi'a. Ọ̀dọ́ yìí ni ó wá kọ ìwé ńlá lórí ìtàn àwọn oníṣègùn, láti inú rẹ̀ ni a sì ti mọ púpọ̀ nípa ìwà ọ̀gá rẹ̀. Ó ròyìn pé onínúure ni, pé oníwà tútù ni, pé kò ṣahun ìmọ̀ rẹ̀. Àwọn méjèèjì jọ ń jáde lọ sí ẹ̀yìn odi Dimashq láti wo ewé níbi tí ó ti hù. Tí wọ́n bá padà délé, wọn a kó àwọn ìwé sílẹ̀: ìwé Dioscorides àti ti Galen, àwọn àgbà oníṣègùn Gíríìkì, àti ìwé al-Ghafiqi ará Andalus. Ibn al-Baytar a kọ́kọ́ sọ orúkọ ewé náà ní èdè Gíríìkì, a sọ ohun tí Dioscorides rí nípa rẹ̀, a sọ ti Galen, a wá sọ ohun tí àwọn tí ó dé lẹ́yìn wọn sọ, ibi tí wọ́n ti fẹnu kò àti ibi tí ẹnì kan ti ṣìnà. Ohun tí ó ya akẹ́kọ̀ọ́ yìí lẹ́nu jù ni pé kò sí ewé tí ọ̀gá rẹ̀ dárúkọ tí kò níí sọ abala ìwé tí ó wà àti iye tí ó jẹ́ nínú òǹkà. Nígbà tí ọ̀dọ́ náà bá sì yẹ ìwé wò, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni yóò bá a.

ÌWÉ RẸ̀

Ìwé tí ó fi di ìlúmọ̀ọ́ká ni al-Jami' li-Mufradat al-Adwiya wa al-Aghdhiya, ìyẹn àkójọ oògùn àti oúnjẹ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nǹkan bí 1,400 oògùn ni ó wà nínú rẹ̀: ewé, gbòǹgbò, èso, ohun tí ó ti ara ẹran jáde, òkúta àti ohun àlùmọ́ọ́nì inú ilẹ̀. Ó tò wọ́n ní alif, ba, ta, kí ẹni tí ń wá nǹkan lè tètè rí i. Àwọn òǹkọ̀wé tí ó mú ọ̀rọ̀ wọn wá lé ní 150, ó sì dárúkọ oníkálùkù sí ìdí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ka nǹkan bí 300 nínú àwọn oògùn náà sí èyí tí kò sí nínú ìwé àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé náà, ó ṣe àlàyé àwọn ohun tí ó fi ṣe ìpinnu. Lára wọn ni pé ohun tí ó fi ojú ara rẹ̀ rí tí ó sì dán wò ni yóò fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀. Èyí tí ó bá ta ko ohun tí ó rí, yóò pa á tì, ìbáà ṣe àgbà ni ó sọ ọ́. Ó tún pinnu láti tọ́ka sí àṣìṣe àwọn tí ó kọ́kọ́ kọ ìwé, àti láti kọ orúkọ ewé kọ̀ọ̀kan ní èdè oríṣiríṣi: Lárúbáwá, Gíríìkì, Baribari, àti èdè àwọn ará Andalus. Ẹ ó rí i pé ìjà ewé Akíntọ́lá àti ewé Awólọ́wọ̀ kì í ṣe tuntun. Ó mọ̀ pé orúkọ lè pa ènìyàn, ó sì wá egbòogi sí i.

Ó kọ ìwé mìíràn tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ al-Mughni fún Sultan al-Salih. Nínú ìyẹn, ẹ̀yà ara tí ó ń ṣàìsàn ni ó fi tò ó, kí oníṣègùn lè rí oògùn orí lábẹ́ orí, àti ti ojú lábẹ́ ojú.

IKÚ RẸ̀

Dimashq ni ó kú sí, nínú oṣù Sha'ban ọdún 646 Hijira, ìyẹn ọdún 1248. Ọdún yẹn kan náà ni ìlú Ishbiliya, níbi tí ó ti kọ́ ìmọ̀, bọ́ lọ́wọ́ àwọn Mùsùlùmí. Qurtuba ti bọ́ ní ọdún 1236. Àwọn òkè tí òun àti olùkọ́ rẹ̀ ti ń ká ewé di ilẹ̀ ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ewé ibẹ̀ àti orúkọ tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè é ti wà nínú ìwé ná. Wọ́n tẹ ìwé al-Jami' ní Bulaq, ní Káírò, ní ọdún 1874. Láti ọdún 1877 sí 1883, ará Faransé kan, Lucien Leclerc, túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Faransé. Ilé ti wó, ìmọ̀ kò wó.

EWÉ ÀTI FÀDÁKÀ LÓDE ÒNÍ

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ìbéèrè kejì wa. Kòkòrò àrùn tí ó mọ oògùn lójú kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilé kéú wa nìkan. Àwọn onímọ̀ ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2019, ó tó ènìyàn mílíọ̀nù 1.27 ní àgbáyé tí irú kòkòrò báyìí pa. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń wá ohun ìjà mìíràn. Ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n padà sí ni fàdákà. Ó ti pẹ́ tí àwọn dókítà ti ń fi oògùn tí ó ní fàdákà nínú pa ojú iná tí ó jó ènìyàn, nítorí pé fàdákà a máa ba èèpo ara kòkòrò jẹ́, a sì máa dá iṣẹ́ inú rẹ̀ dúró.

Ohun tí ó jẹ́ tuntun ni pé wọ́n ń sọ fàdákà di ẹ̀rún tí ó kéré gidigidi, tí wọ́n ń fi nánómítà wọ̀n. Tí a bá pín mítà kan sí ọ̀nà bílíọ̀nù kan, ìdá kan nínú rẹ̀ ni nánómítà. Ẹ̀rún fàdákà yìí kì í ju 100 nánómítà lọ, nígbà tí ìbú irun orí kan ṣoṣo tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rin. Bí fàdákà bá ti kéré tó báyìí, ara rẹ̀ tí ó ń kan kòkòrò a pọ̀ sí i, agbára rẹ̀ a sì pọ̀.

Ewé ni ó ń bá wọn ṣe é. Wọn a se ewé tàbí èèpo nínú omi, wọn a sẹ́ ẹ, wọn a da omi àgúnmu náà mọ́ omi tí wọ́n ti yọ́ iyọ̀ fàdákà sí, èyí tí ń jẹ́ silver nitrate. Èròjà inú ewé náà ni yóò yí fàdákà inú iyọ̀ padà sí ògidì fàdákà, òun náà ni yóò sì bo ẹ̀rún kọ̀ọ̀kan lára kí wọn má baà lẹ̀ mọ́ra wọn. Àmì tí wọ́n fi ń mọ̀ pé ó ti ṣe ni pé àwọ̀ omi náà a yí padà di àwọ̀ ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọn a wá dán an wò lára kòkòrò àrùn nínú àwo.

Iṣẹ́ yìí kò jìnnà sí wa. Ní yunifásítì LAUTECH tí ó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn olùwádìí fi èèpo ìta èso obì gbànja, èyí tí àwọn àgbẹ̀ ń dà nù, ṣe irú ẹ̀rún fàdákà yìí. Ó pa kòkòrò, wọ́n sì pò ó mọ́ ọ̀dà ilé, kòkòrò kò lè hù nínú ọ̀dà náà. Ní ọdún 2016 ni ìwé ìwádìí wọn jáde, ìwé ìròyìn ìmọ̀ yunifásítì Taibah tí ó wà ní Madina ni ó sì gbé e jáde. Obì ilẹ̀ Yorùbá dé Madina gẹ́gẹ́ bí ìmọ̀.

A kò sọ pé Ibn al-Baytar mọ ẹ̀rún fàdákà yìí. Kò mọ̀ ọ́n, kò sì sí ẹni tí ó mọ kòkòrò àìfojúrí ní ayé ìgbà tirẹ̀. Kò dára kí a máa fi irọ́ gbé àwọn aṣíwájú wa ga. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ó fi ń yọ àwọn oníṣẹ́ ewé lẹ́nu ni wọ́n ṣì ń bi àwọn olùwádìí lónìí: ewé wo gan-an ni, ibo ni o ti já a, ta ni ó kọ́kọ́ sọ ọ́, ṣé o dán an wò fúnra rẹ? Ẹni tí ó bá mú ewé mìíràn nítorí orúkọ tí ó jọra, iṣẹ́ rẹ̀ ti bàjẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

A sì fẹ́ kìlọ̀: kí ẹnikẹ́ni má lọ se fàdákà nílé, kí ó má sì mu ún. Púpọ̀ nínú iṣẹ́ yìí ṣì wà nínú yàrá ìwádìí. Ẹni tí ó bá ń mu fàdákà, awọ ara rẹ̀ lè di aláwọ̀ eérú, kì í sì í padà bọ̀ sípò mọ́.

Ẹ̀KỌ́ TÍ A RÍ KỌ́

Ẹ̀yin ọmọ wa, àwọn kan ń rò pé ẹni tí ó kọ́ Lárúbáwá kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kí ó máa ṣàdúà níbi ìsọmọlórúkọ. Ìwé tí a sọ ìtàn rẹ̀ yìí, Lárúbáwá ni wọ́n fi kọ ọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti ka nahwu dé ibi kan lè ṣí i, kí ẹ sì gbọ́ ọ yé, láìdúró de Leclerc láti túmọ̀ rẹ̀ fún yín. Ẹ fi ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì tí ẹ ń kọ́ ní ilé ìwé ìjọba kún un, ẹ ó rí ohun tí ẹni tí ó mọ ọ̀kan ṣoṣo kò lè rí.

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ mọ ewé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbé e lọ. Ẹ pe ọmọ yín kan tí ó mọ̀wé kọ, kí ó kọ orúkọ ewé náà sílẹ̀, bí ìlú kọ̀ọ̀kan ṣe ń pè é, àti ohun tí ẹ fi ojú ara yín rí i tí ó ṣe. Ní tiwa, a ti bẹ̀rẹ̀. Kíláàsì àwọn àgbà nínú ilé kéú wa ti ní ìwé kan báyìí tí wọ́n ń kọ orúkọ ewé àyíká wa sí, ní Yorùbá àti ní Lárúbáwá, wọ́n sì ń lẹ ewé gbígbẹ mọ́ ẹ̀gbẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan. Ewé kìíní tí ó wà nínú rẹ̀ ni èyí tí àgbàlagbà méjì nì torí rẹ̀ jà. Ọmọ tí ó ṣá ẹsẹ̀ ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ méjèèjì síbẹ̀.

Kí Ọlọ́hun kẹ́ Ibn al-Baytar, kí Ó tẹ́ sàréè rẹ̀ sí rere, kí Ó fún wa ní ìmọ̀ tí ó ní àǹfààní, kí Ó sì wo àwọn aláìsàn wa sàn. Àmín.